Ẹ Bi Màmá Láàbù: Báwo Ni Oògùn Kò Ṣe Ran Ẹni Tí Kì Í Lo Oògùn?

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló kún inú àpò lẹ́tà lóṣù yìí. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́tà tó ti Mọ́kọ́lá wá ni màá fún láyè jù, torí ohun tí ẹni náà béèrè ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń bi ara wọn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tí kì í sì í sí ẹni tó ráyè dá wọn lóhùn. Àwọn tó kù, bí àyè bá ṣe gbà mí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé nípa jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ prostate fún wọn, wọ́n sì fi rọ́bà ìtọ̀ sí wọn lára. Iṣẹ́ abẹ yẹn lọ dáadáa. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ní wọ́ọ̀dù, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, ara wọn ń gbóná, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ lóru. Wọ́n gún wọn ní ceftriaxone títí, kò lọ. Wọ́n wá gbé ìtọ̀ wọn lọ sí láàbù. Klebsiella ni wọ́n kọ sórí èsì pé ó jẹ́ orúkọ kòkòrò náà, wọ́n sì to orúkọ oògùn sílẹ̀: Augmentin R, Cipro R, gentamicin R, ceftriaxone R, nitrofurantoin R. Meropenem nìkan ni S. Wọ́n ní R ni èyí tí kò ràn án mọ́, S ni èyí tó ṣì lè ràn án. Dókítà ní ká lọ ra meropenem, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ méje. Owó rẹ̀ bà wá lẹ́rù. Àbúrò mi ọkùnrin ní òwò ni ilé ìwòsàn ń fi wá ṣe, pé ká gbé bàbá relé ká lọ fún wọn ní àgbo. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bàbá wa kì í lo oògùn. Paracetamol gan-an, à ń bẹ̀ wọ́n ni kí wọ́n tó gbé e mì. Báwo ni oògùn kò ṣe wá ran ẹni tí kì í lo oògùn?
*Àkọ́bí Bàbá, Mọ́kọ́lá*

Àkọ́bí Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀: ẹ ra oògùn náà. Tí ẹ bá ti rà á kí ìwé ìròyìn yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ṣeun. Àgbàlagbà tí òtútù ń mú, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń dàrú, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti kúrò nínú ìtọ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí à ń gbé relé nìyẹn.

N kò bínú sí àbúrò yín. Ìnira owó ló ń fọhùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ méje, ìgò 21 nìyẹn, mo sì mọ ohun tí 21 ń fi ojú àpò rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi yín ṣòwò kì í fún yín ní ìwé tí ẹ lè gbé lọ fi han ẹlòmíràn. Èsì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e fún dókítà mìíràn tó wù yín kó kà á. Ẹ sì lè bi dókítà bàbá fúnra rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ṣé láàbù dán amikacin wò?" Amikacin máa ń ṣẹ́kù nígbà mìíràn tí gentamicin bá ti kùnà, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú ju ti meropenem lọ. Tó bá dáhùn pé kíndìnrín bàbá kò lè gbà á, ìdí gidi nìyẹn, ẹ fara mọ́ ọn. Ní ti nitrofurantoin, ì báà jẹ́ S gan-an, kò lè tó bàbá báyìí. Inú ìtọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín.

Ó wá ku ìbéèrè tí ẹ torí rẹ̀ kọ̀wé. Ara bàbá kọ́ ló kọ oògùn. Kòkòrò ló kọ̀ ọ́. Kòkòrò yẹn sì lè má jẹ́ ti bàbá tẹ́lẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú wọ́ọ̀dù ni òun àti bàbá ti pàdé. Ẹni tí kò gbé antibáyọ́tíìkì mì rí láyé rẹ̀ lè kó kòkòrò tó ti bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn jẹ antibáyọ́tíìkì.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé orí tábìlì tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi jókòó tì. Tí ìtọ̀ bá dé láàbù, a ó fi wáyà olójú róbótó bù ú díẹ̀, a ó fà á sórí àwo tí oúnjẹ kòkòrò ti dì sí. Àwo náà á wọ inú ẹ̀rọ tó ń móoru ní ìwọ̀n 37 lórí Celsius, ìyẹn ìwọ̀n ooru ara wa, ó di ọjọ́ kejì. E. coli (kòkòrò kan tó máa ń gbé inú ìfun) ẹyọ kan tó rí oúnjẹ àti ooru tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ń di méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú; ẹ ṣírò rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀. Lówùúrọ̀ a ó ka ohun tó hù. Tó bá tó 100,000 nínú mìlílítà ìtọ̀ kan, tó sì jẹ́ irú kan ṣoṣo, a mọ̀ pé kì í ṣe èérí ara lásán. Ìgbà yẹn la tó máa mú díẹ̀ nínú rẹ̀ tẹ́ sórí àwo mìíràn pẹrẹsẹ, tí a ó to bébà róbótó kéékèèké lé e, oògùn kan nínú bébà kan. Ó tún di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá àwọn ọmọ láàbù jà pé èsì pẹ́, ẹ gbọ́ o: kòkòrò là ń dúró dè, kò sì gba owó ẹ̀yìn.

Oògùn tó bá ká kòkòrò náà, kòkòrò kò ní lè hù yí bébà rẹ̀ ká. Ẹ ó rí òrùka tó mọ́ roro, a ó sì fi rúlà wọn ọ́n. Èyí tí kòkòrò bá rìn dé ìdí bébà rẹ̀ láìbẹ̀rù, R la ó kọ síwájú rẹ̀. S ni pé oògùn náà ṣì lè ràn án. Ẹ lè rí I nígbà mìíràn. Ìyẹn lè fẹ́ kí dókítà fi kún ìwọ̀n oògùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Àwọn láàbù kan máa ń kọ nọ́ńbà òrùka náà sórí èsì, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣi í kà, wọ́n á ní oògùn tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ló lágbára jù. Rárá o. Nínú ìlànà CLSI, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣètò bí láàbù ṣe ń ka irú èsì yìí, bí òrùka E. coli bá jẹ́ mìlímítà 20 lára nitrofurantoin, S ni. Mìlímítà 20 yẹn kan náà lára Cipro, R ni, torí ti Cipro gbọ́dọ̀ tó 26 kó tó jẹ́ S. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Báwo ni Klebsiella bàbá ṣe wá ní R tó pọ̀ tó báyìí? Ceftriaxone ni abẹ́rẹ́ tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń nà sí ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ì báà jẹ́ ibà, ì báà jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ì báà jẹ́ ikọ́. Kòkòrò tí kò ní ohun ìjà sí i á kú. Èyí tó ní á ṣẹ́kù, á rí àyè, á bí ọmọ. Ohun ìjà tí mo wí yìí jẹ́ èròjà kan tí kòkòrò ń ṣe jáde, ESBL lórúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, ó sì máa ń ba ceftriaxone, cefuroxime àti àwọn ìbátan wọn jẹ́ kí wọ́n tó ráyè ṣiṣẹ́. Kòkòrò kì í sì í dá nǹkan yìí ní. Klebsiella á fún E. coli, E. coli á fún ẹlòmíràn tí kì í ṣe ìran rẹ̀, bí àwọn ayálégbé inú ilé kan ṣe ń yá ara wọn ní odó. Ọ̀nà láti kọ gentamicin, àti ti Cipro nígbà mìíràn, sábà máa ń wà nínú ẹrù kan náà tí wọ́n ń gbé fún ara wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí R to tẹ̀lé R lórí ìwé yín. Ní ti ampicillin tó wà nínú Ampiclox, ẹ má tilẹ̀ fi dá Klebsiella lára. Àbímọ́ rẹ̀ ni láti kọ ìyẹn.

Meropenem ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò dúró títí ayé. Kòkòrò tó ń ba òun náà jẹ́ ti wà, wọ́n sì ti rí wọn ní Nàìjíríà. Ìdí tí ojú mi kì í fi í gba á nìyẹn tí mo bá rí i pé wọ́n fi meropenem bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹni tí oògùn kékeré ì bá tó. Ti bàbá yín kò sí lára ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan: ìṣirò tí wọ́n ṣe fún ọdún 2019 fi hàn pé 1.27 mílíọ̀nù ènìyàn ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa káàkiri àgbáyé.

Rọ́bà ni ọ̀nà tí Klebsiella bàbá gbà wọlé. Ìtọ̀ tó ń jáde fúnra rẹ̀ máa ń fọ ojú ọ̀nà. Nígbà tí rọ́bà bá wà níbẹ̀, kòkòrò á máa gun ara rọ́bà lọ sókè, tàbí kó ti inú báàgì wá, á sì fi nǹkan yọ̀rọ̀ bo ara rẹ̀ mọ́ ara rọ́bà tí oògùn kò fi ní lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ sọ pé lójoojúmọ́ tí rọ́bà bá fi wà lára, nǹkan bí 3 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ni kòkòrò ń dé inú ìtọ̀ wọn. Tó bá fi máa pé oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan. CDC, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, sọ pé nínú àkóràn ìtọ̀ tí àwọn ènìyàn kó ní ilé ìwòsàn, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni rọ́bà lọ́wọ́ sí.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún ẹ̀yin ọmọ. Láràárọ̀ tí àwọn dókítà bá ń yípo, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé rọ́bà yìí ṣì ní iṣẹ́ tó ń ṣe?" Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate, ó máa ń ní iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí ni kó kúrò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnì kan bá ṣèèṣì rántí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín fà á yọ o! Bàlúùnù omi wà lórí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún tó dì í mú, ẹni bá fà á yọ á ṣe bàbá léṣe.

Báàgì kò gbọdọ̀ ga ju àpòòtọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ sùn sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó gbé báàgì ìtọ̀ lé bàbá rẹ̀ láyà nígbà tí wọ́n ń tì wọ́n lọ ya fọ́tò X-ray, kó má baà máa wọ́ nílẹ̀. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ti ń ṣàn padà sínú. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù. Ní wọ́ọ̀dù kan tí n kò ní dárúkọ, kọ́ọ̀pù oníke ẹyọ kan ló wà lábẹ́ síńkì, òun ni gbogbo olùtọ́jú fi ń gba ìtọ̀ inú báàgì dà nù, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé èyí tó kángun sí fèrèsé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí Klebsiella ṣe ń lọ kí ará, ẹ wo kọ́ọ̀pù yẹn. Ẹ ra ti bàbá lọ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ sí i lára. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan báàgì, ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí omi kò bá yọ, mo mọ̀ pé kì í sábà yọ, kí sanitáísà wà lápò yín.

Tí wọ́n bá tún fẹ́ gba ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n má bù ú láti inú báàgì. Ìtọ̀ inú báàgì ti jókòó pẹ́, kòkòrò ibẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Tí rọ́bà bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára bàbá, kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gba ìtọ̀ láti ara tuntun.

Ní ti àgbo, n kò bá ẹnikẹ́ni du àgbo. Ṣùgbọ́n kíndìnrín àgbàlagbà tó ń bá irú kòkòrò yìí jà ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó fi owó àgbo kún owó ìgò.

Ẹ káàárọ̀ Mà. Ọmọ ilé-ìwé ni mí. Tóílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá fẹ́ tọ̀, á máa ta mí, ìtọ̀ á sì máa gbọ̀n mí ní kíákíá. Bọ̀ọ̀dá oníkémíìsì tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa máa ń fún mi ní Cipro àti Flagyl, káàdì kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá lò ó fún ọjọ́ méjì tó bá lọ, màá tọ́jú èyí tó kù. Èyí tí mo lò kẹ́yìn kò ṣiṣẹ́ rárá. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Ọ̀rẹ́ mi ní sítáfù ni, pé kí n lọ ra èyí tí wọ́n ń polówó ní rédíò.
*Ọmọ Bódìjà*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Àga tóílẹ́ẹ̀tì kò ṣẹ̀ ọ́. Kòkòrò tó ń fa èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lára àwọn tí kò sí ní ilé ìwòsàn, E. coli ni, inú ìfun ìwọ fúnra rẹ ló sì ń gbé. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ti ọkùnrin tó 20. Ìrìn rẹ̀ lára wa kò jìnnà. Tí o bá ṣe ìgbẹ́ tán, láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí o máa nù ún. Máa mu omi. Tí o bá ti lọ́kọ tàbí lọ́rẹ̀ẹ́kùnrin, n kò bi ọ́ o, máa tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀.

Sítáfù tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba gbogbo ọmọbìnrin Ìbàdàn, láti inú Micra dé orí rédíò, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á. Kòkòrò gidi ni, ó ń fa eéwo, ó ń fa ohun tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ nínú àìsàn tí o ṣàlàyé yìí.

Ayédèrú oògùn wà, n kò ní parọ́ fún ọ, pàápàá láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Augmentin, ti kó ọjà rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà ní 2023 tí owó Augmentin sì fò sókè. Àmọ́ n kò rò pé òun ni tìrẹ. Flagyl kì í pa E. coli, ì báà jẹ́ ojúlówó láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Àwọn kòkòrò mìíràn ló wà fún. Cipro la ti lò lálòjù nílùú yìí débi pé àwọn E. coli tó mọ̀ ọ́n lójú ti pọ̀, ìwọ náà sì ti ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì. Alexander Fleming tó rí penicillin ní 1928 ti kìlọ̀ èyí nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, pé oògùn tí kò tó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe kọ oògùn.

Kí o tó tún gbé oògùn kankan mì, lọ fún láàbù ní ìtọ̀. Kó má jẹ́ lẹ́yìn oògùn, torí oògùn á pa èyí tó rọ̀, èsì á sì ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà kí dókítà kọ oògùn. Nitrofurantoin tàbí fosfomycin ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àkóràn wọn kò tíì gòkè kọjá àpòòtọ̀. Fosfomycin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń mu ún. Nitrofurantoin, bí ọjọ́ márùn-ún. Iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ni kí o lò, má dín in, má sì fi kún un. Tí nǹkan bá ń jáde lójú ara tàbí ó ń yún ọ, sọ fún dókítà láìtijú, torí àyẹ̀wò mìíràn nìyẹn. Tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, tí ara ń gbóná, tí o ń bì, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lọ́jọ́ náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ibà àti táífọ́ọ̀dù láìyẹ ìtọ̀ rẹ wò.

Bọ̀ọ̀dá oníkémíìsì, òfin kò fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, tí kì í ṣe fámásìtì, láyè láti ta antibáyọ́tíìkì bíi Cipro. Ó mọ̀. Ka lẹ́tà tó ti Mọ́kọ́lá wá lókè yẹn. Kòkòrò tí Cipro ọlọ́jọ́ méjì kò pa ṣì wà nínú ìfun rẹ. Ọjọ́ tí o bá lọ kí bàbá àgbà ní wọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ ni yóò bá lọ.

Ìyá Láàbù, mo sanwó àyẹ̀wò ìtọ̀, wọ́n ní kòkòrò inú rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ra wọn, kí n tún un gbé wá. Ṣé kí n tún wá sanwó kejì ni? Olè ni wọ́n!
*Alhaji, Dùgbẹ̀*

Alhaji, ẹ rọra. Tí kòkòrò oríṣi mẹ́ta mẹ́rin bá hù lórí àwo kan náà, ti ara, ti ọwọ́ tàbí ti ike ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ti àpòòtọ̀. Láàbù tó kọ orúkọ oògùn fún yín lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ lẹ bá pè ní olè. Ẹ fọ ojú ara pẹ̀lú omi, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ẹ fi ike tí láàbù fún yín gbe àárín rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan inú ike náà, ẹ má sì kọ́kọ́ tọ̀ sínú póò kí ẹ tó dà á. Ó gbọ́dọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí méjì. Ẹni tó gbà á nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó wá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀ títí di aago mẹ́wàá, kòkòrò ti fi ooru inú ọkọ̀ bímọ. Ẹ kúkú tọ̀ ọ́ ní láàbù. Ní ti owó, ẹ bá wọn sọ ọ́, ọ̀pọ̀ láàbù kì í gba owó kejì nírú èyí.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Mà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, wọ́n sì wà nílé pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀. Ìtọ̀ inú báàgì máa ń dúdú, ó máa ń rùn. Ara wọn kò gbóná, wọ́n ń jẹun. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní kí a máa gún wọn ní ceftriaxone lóṣooṣù kí ìtọ̀ lè mọ́. Ṣé ó dáa?
*Olùtọ́jú Ìyá, Àpáta*

Kò dáa. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ti sọ ọ́ lókè pé ẹni tó ti pẹ́ pẹ̀lú rọ́bà, kòkòrò á wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Wíwà níbẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Tí ẹ bá ń gún ìyá ní ceftriaxone lóṣooṣù nígbà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, kòkòrò tí ceftriaxone kò ràn lẹ ń yàn fún wọn, ẹ ó sì wá oògùn tó máa ràn wọ́n tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ìtọ̀ dúdú lè jẹ́ pé omi tí wọ́n ń mu kò tó. Òórùn tó ń ta imú wìnnìwìnnì lè jẹ́ kòkòrò Proteus, òun sì máa ń jẹ́ kí nǹkan dì sínú rọ́bà, torí náà ẹ máa wò ó bóyá ìtọ̀ ṣì ń ṣàn. Tí kò bá ṣàn mọ́, tí ikùn ìsàlẹ̀ wọn wú, tí ara wọn gbóná, tí òtútù mú wọn tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn yí padà lójijì, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí kò bá sí èyí, ẹ pààrọ̀ rọ́bà lásìkò rẹ̀, ẹ fún wọn lómi mu. Kí ẹ tún bi dókítà bóyá wọ́n lè lo ìlédìí dípò rọ́bà. Ìlédìí ní wàhálà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gun inú àpòòtọ̀ lọ.

Màmá, oyún oṣù márùn-ún ni mo ní. Wọ́n ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀ mi, wọ́n sì kọ nitrofurantoin fún mi. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Ìyá ọkọ mi ní kí n má lò ó, pé oògùn ń ba oyún jẹ́. Mo sì ti ka ibì kan pé kòkòrò inú ìtọ̀ tí kò bá dunni, ká fi í sílẹ̀.
*Ìyàwó Ilé, Mọ́níyà*

Ohun tí o kà tọ̀nà, òun náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ará Àpáta. Aláboyún ló yàtọ̀. Oyún máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ falẹ̀ lọ́nà láti kíndìnrín, kòkòrò tó dákẹ́ lónìí lè gòkè lọ bá kíndìnrín lọ́la, ó sì lè mú ọmọ wá kí oṣù rẹ̀ tó pé. Nítorí náà, lo oògùn rẹ. Dókítà mọ̀ pé oyún oṣù márùn-ún ni nígbà tó kọ ọ́. Tí o bá ti sún mọ́ ìbímọ ni wọn kì í fẹ́ẹ́ fún ni. Sọ fún wọn bí wọ́n bá ti sọ rí pé G6PD rẹ (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) kò pé, kí wọ́n lè fún ọ ní òmíràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Cipro rọ́pò rẹ̀ fún ọ. Kí Màmá, ìyá ọkọ rẹ, fún mi dáadáa, sọ fún wọn pé àwọn ni mo ní kí wọ́n máa rán ọ létí pé oúnjẹ ló ń ṣáájú oògùn yìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí o bá ti parí rẹ̀, gbé ìtọ̀ padà lọ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.